Àyẹ̀wò fáìlì tí ó yí padà nìkan

Àyẹ̀wò fáìlì tí ó yí padà nìkan jẹ́ ọ̀nà tí àwọn olùṣètò kọ̀ǹpútà ń gbà dín àkókò kù nínú CI, ìyẹn àṣà dída iṣẹ́ ọ̀pọ̀ olùṣètò pọ̀ léraléra, kí ẹ̀rọ sì máa yẹ àyípadà kọ̀ọ̀kan wò fúnra rẹ̀.

Ìtàn

Linter ni orúkọ irinṣẹ́ tí ń ka kóòdù láìmú un ṣiṣẹ́, tí ó sì ń tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀. Stephen C. Johnson ṣe lint fún èdè C ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1978. Ní 2013, Nicholas C. Zakas gbé ESLint jáde fún JavaScript.

Ìdí

Bí iṣẹ́ kan bá ní fáìlì 3,000, tí olùṣètò sì yí 4 péré padà, fífi àkókò ka 2,996 yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ mú èrè wá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ CI ń ka ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ wọn lò, wọ́n sì ń gba owó rẹ̀ ní dọ́là.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005, ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù. Àṣẹ yìí ń to orúkọ àwọn fáìlì tí ó ti yí padà láti ìgbà tí ẹ̀ka tuntun ti yà kúrò lára ẹ̀ka àgbà:

git diff --name-only --diff-filter=d origin/main...HEAD

Àfikún --diff-filter=d ń yọ àwọn fáìlì tí a ti pa rẹ́ kúrò. Àwọn tí ó kù, tí wọ́n sì jẹ́ ti èdè tí linter náà mọ̀, ni a ó fún un kà. Bí kò bá sí ọ̀kankan, a ó fo àyẹ̀wò náà. Ní GitHub Actions, ẹ̀rọ kì í gba gbogbo ìtàn Git wá bí a kò bá kọ fetch-depth: 0; láìsí ìtàn yìí, kò ní rí ohun tí yóò fi ṣe àfiwé.

Àléébù

Àṣìṣe lè wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Bí olùṣètò kan ní Òṣogbo bá yí orúkọ kan padà nínú fáìlì tirẹ̀, tí fáìlì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Iléṣà ṣì ń lo orúkọ àtijọ́, àyẹ̀wò yóò yege, ṣùgbọ́n ètò náà yóò dẹnu kọlẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa yẹ gbogbo fáìlì wò lórí ẹ̀ka àgbà, àti nígbàkígbà tí òfin tàbí ẹ̀dà linter bá yí padà.