Àgbà Tí Ń Sáré: Bí Ayé Ṣe Mọ̀ Pé Okun Lè Padà Sára Ẹni Àádọ́ta Ọdún

Àwọn baba wa a máa sọ pé àgbà kì í sáré lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹni tí ó bá rí bàbá ẹni àádọ́ta ọdún tí ń sáré ní kùtùkùtù òwúrọ̀ lójú títì Àjàṣẹ́ tàbí ti Kútọnu, tí òógùn bo aṣọ rẹ̀, tí kò sì sí ejò lẹ́yìn rẹ̀ tàbí ẹran níwájú rẹ̀, lè bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ń lé e. Ìbéèrè náà ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì ní ìtàn. Ìtàn yìí kan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti kọjá ogójì ọdún, ó sì kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí baba àti ìyá wọn wà ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀.

Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, èrò àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà kò jìnnà sí ti ẹni tí ó gbà pé ìsinmi nìkan ni ó yẹ àgbà. Bí àrùn ọkàn bá kọlu ènìyàn lójijì tí kò sì pa á, orí ibùsùn ni wọ́n máa ń fi í sí fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Wọn a ní kí ó má ṣe dìde, kí iṣẹ́ má baà wọ ọkàn tí ó gbọgbẹ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àrùn yìí ń pọ̀ sí i láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ní pàtó ohun tí ó fà á.

Jeremy Morris ni ó rí okùn ọ̀rọ̀ náà fà. Liverpool ni wọ́n ti bí oníṣègùn yìí ní ọdún 1910, Glasgow ni ó sì ti dàgbà. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1949, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe àkọsílẹ̀ àrùn ọkàn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ oríṣiríṣi, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò ìlú Lọndọnu sì wà lára wọn. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ìlú náà, ènìyàn méjì ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ jókòó nídìí ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dé òpin rẹ̀. Agbowó-ọkọ̀ ní tirẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín èrò. Ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè láti gba owó, ó sì tún ń sọ̀ kalẹ̀. Agbowó a máa gun ìgbẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn 500 sí 750 ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, nígbà tí awakọ̀ ń lo nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àkókò rẹ̀ lórí ìjókòó.

Ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń sìn, ipò wọn láwùjọ kò sì jìnnà síra. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bí ọkùnrin 31,000 wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 35 sí 64, wọ́n rí i pé àrùn ọkàn kì í kọlu agbowó tó bí ó ti ń kọlu awakọ̀. Bí ó bá sì kọlu agbowó, kì í yá láti pa á bíi ti awakọ̀. Wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú, irú èsì kan náà ni wọ́n rí: àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí tí ń gun kẹ̀kẹ́ láti pín lẹ́tà sàn ju àwọn tí ń jókòó ti tábìlì tàbí ti ẹ̀rọ tẹlifóònù lọ. Ọdún 1953 ni wọ́n tẹ èsì yìí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní The Lancet.

Onílàákàyè lè béèrè pé: bóyá ẹni tí ó ti sanra láti ilé wá ni ó ń yan iṣẹ́ awakọ̀, tí ẹni tí ara rẹ̀ yá sì ń yan ti agbowó? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ pé iṣẹ́ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Morris kò fi ojú fo ìbéèrè yìí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní aṣọ, ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò oníkálukú sì wà nínú ìwé. Ó yẹ ìwé náà wò, ó sì rí i pé lóòótọ́ ni ìbàdí àwọn awakọ̀ fẹ̀ ju ti àwọn agbowó lọ, àní láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pín wọn sí ẹni tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tí ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àti ẹni tí ó sanra, agbowó ṣì sàn ju awakọ̀ lọ nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Èyí jáde ní ọdún 1956. Ó fi hàn pé sísanra ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Ìbéèrè mìíràn tún dìde: kí ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó kúrò lórí àga yóò ṣe? Láàárín ọdún 1968 sí 1970, Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, ọkùnrin tí ó lé ní 16,000, ẹni ọdún 40 sí 64, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ ìjókòó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá sílẹ̀. Àwọn kan ti lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan ti fi agbára gbẹ́ ilẹ̀ ọgbà, àwọn kan ti yára rìn. Ọ̀pọ̀ kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1973, a rí i pé ewu àrùn ọkàn lára àwọn tí ń ṣe ìdárayá alágbára kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tí iṣẹ́ kò fún ní ìdárayá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a.

Bí Morris ti ń ka àtẹ̀gùn ní Lọndọnu, ní Auckland ní ilẹ̀ New Zealand, olùkọ́ni eré sísá kan tí ń jẹ́ Arthur Lydiard ń kó àwọn àgbà jọ láti máa sáré jẹ́jẹ́. Àwọn kan nínú wọn ti ní àrùn ọkàn rí. Ní ìparí ọdún 1962, olùkọ́ni ará Amẹ́ríkà kan, Bill Bowerman ti Yunifásítì Oregon, bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni 51 ọdún ni Bowerman nígbà náà, ó sì rò pé ara òun le, nítorí pé àwọn sárésáré ni ó ń kọ́. Nígbà tí ó bá àwọn ará Auckland jáde, ó rẹ̀ ẹ́ kíákíá, bàbá kan tí ó ti lé ní 70 ọdún, tí àrùn ọkàn ti kọlù rí, ni ó dúró tì í lẹ́yìn kí ó má baà dá nìkan wà. Ẹni tí ń kọ́ ẹlòmíràn ní eré rí i pé okun ọmọ ẹ̀yìn kì í ṣe okun olùkọ́.

Bowerman padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó sì pe àwọn ará ìlú Eugene, tọkùnrin tobìnrin, láti wá bá òun sáré. Òun àti W. E. Harris, oníṣègùn ọkàn, kọ ìwé kan lórí rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1967. Ìlànà wọn rọrùn: kí ènìyàn máa rìn, kí ó máa sáré díẹ̀, kí eré náà má sì le ju èyí tí ó fi lè máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ní ọdún 1968, Kenneth Cooper, oníṣègùn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Bùràsíìlì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi sọ eré jẹ́jẹ́ náà ní orúkọ rẹ̀, *cooper*, gẹ́gẹ́ bí àwa tí a gbọ́ Faransé ti ń pè é ní *footing*.

Nínú gbogbo èyí, ẹnìkan lè fọkàn balẹ̀ pé òun ti gbá bọ́ọ̀lù tó nígbà èwe òun, pé okun ìgbà náà yóò gbe òun lọ́jọ́ alẹ́. Ralph Paffenbarger ni ó tú àṣírí ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí. Ní ọdún 1978 ó gbé èsì ìwádìí jáde lórí ọkùnrin 16,936 tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Harvard. Àwọn tí wọ́n jẹ́ eléré nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì wá jáwọ́, kò rí ààbò kankan gbà. Àwọn tí kò ṣe eré rí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà, ni ó rí i. Paffenbarger fúnra rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Okun kì í ṣe àgbàdo tí a ń kó sínú àká de ọ̀gbẹlẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan tí ó wúwo jù: ohun tí ọdún ti gbà lọ́wọ́ ara, ṣé ó lè padà? Ní ọdún 1966, ní Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn oníṣègùn, tí Bengt Saltin ará Sweden wà lára wọn, mú ọ̀dọ́kùnrin 5 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 20 ọdún, wọ́n sì dá wọn dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ 3. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ara wọn lè lò nígbà iṣẹ́ agbára fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ dín kù. Wọ́n fún wọn ní ìdárayá, okun náà sì padà. Ní ọdún 1996, wọ́n tún kó àwọn 5 náà jọ. Wọ́n ti di ẹni 50 ọdún. Ìwọ̀n wọn ti kúrò ní kílò 77 dé 100, ọ̀rá ara wọn sì ti di ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, ohun tí ọdún 30 gbà lọ́wọ́ wọn kò tó ohun tí ọ̀sẹ̀ 3 lórí ibùsùn ti gbà. Wọ́n fún wọn ní oṣù 6 láti máa rìn, láti máa sáré tàbí láti máa wa kẹ̀kẹ́ orí ìdúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń fi kún un títí ó fi tó nǹkan bí wákàtí 4 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ní òpin oṣù 6, agbára náà ti padà sí ibi tí ó wà kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ ní ọdún 1966, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kílò díẹ̀ péré ni wọ́n fi fẹ́.

Ènìyàn 5 kéré láti fi ṣe ìdájọ́. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí Dallas tún gbé èsì mìíràn jáde, lórí ènìyàn 53, ọkùnrin àti obìnrin ẹni ọdún 45 sí 64, tí iṣẹ́ ìjókòó ti mọ́ lára. Lára àwọn tí ó ṣe ìdárayá gidi fún ọdún 2, agbára ara fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, iṣan ọkàn wọn tí ó ti ń le sì tún rọ̀. Àwọn olùwádìí kan náà ti rí i ṣáájú pé, lára àwọn tí wọ́n dúró di ẹ̀yìn ọdún 65 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, okun pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún kan, ṣùgbọ́n ọkàn tí ó ti le kò rọ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn náà kì í tì pátápátá, àmọ́ àárín ọjọ́ orí ni ó ṣí sílẹ̀ jù.

Kí ni èyí já mọ́ fún wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́? Àwọn òbí wa tí wọ́n ń rìn lọ sóko, tí wọ́n ń kọ ebè, tí wọ́n ń gún iyán, tí wọ́n sì ń ru ẹrù lọ sọ́jà, kò nílò ẹni tí yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe ìdárayá. Agbowó-ọkọ̀ ni wọ́n, bí a bá fi ti Lọndọnu wé e. Àwa ọmọ wọn ti di awakọ̀. Ẹ wo zémíjàn aláṣọ òféèfèé ní Kútọnu, tí ń jókòó sórí ọ̀kadà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ wo èrò tí ó gbé sẹ́yìn, tí ì bá fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹ wo olùkọ́, akọ̀wé ìjọba àti oníṣòwò tí kò dìde nídìí igbá rẹ̀. A ti fi oko sílẹ̀, a kò sì fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ kò pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ti ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì fi iṣẹ́ tí ń fún iṣan lágbára kún un ní ọjọ́ 2 ó kéré tán. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ 5 ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àyà ń dùn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Kí oníkálukú bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí àwọn ará Dallas ti ṣe. Kí àwọn ẹgbẹ́ wa sì mọ̀ pé ẹni tí ó ní alábàárìn kì í tètè jáwọ́.

Ní ọdún 1996, Morris àti Paffenbarger jọ gba ẹ̀bùn ìmọ̀ eré ìdárayá àkọ́kọ́ tí Ìgbìmọ̀ Olíńpíìkì Àgbáyé dá sílẹ̀. Morris kú ní ọdún 2009, ẹni 99 ọdún. Nítorí náà, bí a bá rí àgbà tí ń sáré lójú títì ní kùtùkùtù, kí a má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Òwe àwọn baba wa kò yẹ̀: nǹkan ń lé e, ó sì ń lé nǹkan.