Awakọ̀ Tí Kò Ní Ìwé Lọ́wọ́

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 1896, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bridget Driscoll ń rìn lọ nínú ọgbà Crystal Palace ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, tí wọ́n fi ń gbé àwọn ènìyàn káàkiri ọgbà náà kí wọ́n lè mọ bí ohun tuntun yìí ti rí, kọlù ú, ó sì kú. Òun ni àwọn òpìtàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ń fi ẹsẹ̀ rìn tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Awakọ̀ náà ní eré òun kò ju máìlì mẹ́rin lọ ní wákàtí kan. Àwọn ẹlẹ́rìí ní ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wádìí, wọ́n ní èèṣì ni, adájọ́ tí ó wádìí ikú náà sì sọ pé òun ní ìrètí pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ò ń ka ìwé yìí, o mọ̀ bí ìrètí yẹn ti já sí. Ohun tí mo fẹ́ kí o fiyè sí ni pé kò sí ẹni tí ó lè bi awakọ̀ náà pé, “Láísẹ́ǹsì rẹ dà?” nítorí kò tíì sí òfin tí ó ní kí awakọ̀ gbà á.

Òfin ọdún 1903 ni ó kọ́kọ́ pa á láṣẹ níbẹ̀ pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 1904, kí olúkúlùkù awakọ̀ gba láísẹ́ǹsì. Ṣílè márùn-ún ni owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 17, tí ó sì san owó, ó gbà á. Ẹnikẹ́ni kò dán an wò bóyá ó mọ ọkọ̀ wà. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dán ọmọ ilé-ìwé wò, n kò lè ka èyí kí n má mi orí. Ọdún 1935 ni ìdánwò tó di dandan, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti pa ènìyàn tí ó lé ní 7,000 ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1934 nìkan.

Ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì kì í wo ọgbẹ́ sàn. Wo bíríkìlà kan tí ọkọ̀ ṣẹ́ ní ẹsẹ̀. Kóòtù dá a láre, ó ní kí awakọ̀ san owó gbà-má-bínú fún un, awakọ̀ sì na ọwọ́ òfìfo. Kí ni bíríkìlà fẹ́ fi ìdájọ́ sè jẹ? Èyí ni ó fa òfin ọdún 1930, tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wa ọkọ̀ lójú títì láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò, tí a ń pè ní inṣọ́ránsì, ti dúró fún un nítorí ẹni tí ó lè ṣe léṣe. Òfin mìíràn jáde ní ọdún kan náà, mo sì kà á sí ọ̀kan nínú àwọn òfin tí ó ní àánú jù lọ. Kí ó tó dé, bí gbèsè bá wọ awakọ̀ lọ́rùn, gbogbo àwọn olówó rẹ̀ ni yóò jọ pín owó tí inṣọ́ránsì san. Òfin yìí ní ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ ni ó ni ín.

Lẹ́yìn èyí ni ẹjọ́ kan dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a sì tẹ̀ sínú ìwé ẹjọ́ ọdún 1935. Ọkùnrin kan yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọkọ̀. Ìwé inṣọ́ránsì ọkọ̀ náà kò sì kan ẹni tí a yá. Ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, àwọn tí ó gbé ọkọ̀ jáde kò ní owó. Àwọn adájọ́ ní kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ san án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ rárá. Rántí èyí lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ bá na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ní ọdún 1946 àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Motor Insurers’ Bureau, láti máa san owó fún ẹni tí awakọ̀ aláìní-inṣọ́ránsì bá ṣe léṣe. Ẹgbẹ́ náà sì lè yí padà bá awakọ̀ náà gba owó rẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin yìí wá sí Nàìjíríà. Wọ́n ṣe é ní ọdún 1945, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1950. Ẹ̀mí àti ara ènìyàn ni ó dáàbò bò. Òfin ọdún 2003 wá fi dúkìá kún un, ó sì fi ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì, ṣe ìjìyà ẹni tí ó bá rú u.

Kí ni ó wá kù fún awakọ̀ tí kò ní ìwé kankan, tí ìjàm̀bá sì dé bá? Àwọn ènìyàn a máa rò pé ó ti jẹ̀bi tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹ̀ṣẹ̀ àìní ìwé jẹ́ ọ̀tọ̀, ìjọba ni yóò bá a ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ta ni ó fa ìjàm̀bá jẹ́ ọ̀tọ̀, ẹ̀rí ni yóò sì fi hàn. Bí awakọ̀ mìíràn bá ti ẹ̀yìn wá kọlù ú níbi tí ó dúró jẹ́ẹ́ sí, ó lè pe ẹni náà lẹ́jọ́ kí ó sì gba owó àtúnṣe ọkọ̀ rẹ̀, kódà bí ó bá ń ti ìdí ẹjọ́ àìní láísẹ́ǹsì bọ̀. Bí òun ni ó jẹ̀bi, àpò ara rẹ̀ ni owó yóò ti jáde, nítorí kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò dúró fún un.

Ìbẹ̀rù ìwé tí kò sí yìí ni ó ń mú ọ̀pọ̀ wọn sá lọ, tí ẹni tí ó ṣubú yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà. Sísá náà tún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Kí awakọ̀ dúró, kí ó gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Bí kò bá ní owó lọ́yà, Legal Aid Council wà, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 láti ran tálákà lọ́wọ́ ní kóòtù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà ẹbí a máa lọ bẹ̀bẹ̀, wọn a sì fi ẹnu kò lórí iye owó. Òfin kò kọ èyí nípa owó gbà-má-bínú, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹlẹ́rìí sì fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹbẹ̀ ẹbí kò pa ẹjọ́ ìjọba rẹ́; bí wọ́n tilẹ̀ ti parí ìjà nílé, wọ́n ṣì lè pe awakọ̀ náà sí kóòtù kí ó wá sọ ìdí tí ó fi wa ọkọ̀ láìní láísẹ́ǹsì.