Ta Ló Lówó Tí Wọ́n Fi Kọ́ Cocoa House?

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ tó ń gba Dùgbẹ̀ kọjá báyìí, ẹ gbójú sókè. Ilé àwòṣífìlà tí ẹ ń wò yẹn, Cocoa House, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Bí a bá béèrè owó tí wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n á ní owó kòkó ni. Owó kòkó náà ní olówó o.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Àkánrán, ní Ọ̀nà-Àrà, àti àwọn abúlé Ẹ̀gbẹ́dá àti Lágelú. Àgbẹ̀ tó gbin kòkó níbẹ̀, oníṣòwò gidi ni. Òun ló wá ilẹ̀, òun ló gba lébìrà, ó sì fi ọdún bíi mélòó kan dúró kí igi tó so. Ṣùgbọ́n kò lè ta kòkó rẹ̀ sókè òkun fúnra rẹ̀. Láti 1947, Marketing Board ló ń dá iye lé e. Ní 1954, wọ́n pín bọ́ọ̀dù náà fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ti Ìwọ̀-Oòrùn sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba tó wà n'Íbàdàn.

Ìlànà náà dùn-ún gbọ́: bí kòkó bá wọ́n lọ́jà àgbáyé, kí bọ́ọ̀dù tọ́jú èyí tó lé; bí ó bá já, kí wọ́n fi di àgbẹ̀ mú.

Owó tó bá ti pọ̀ nílẹ̀, ojú á wọ̀ ọ́. Ìjọba fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi yá àwọn oníṣòwò lówó kí ọrọ̀ ajé lè gbòòrò. N kò ní pé gbogbo rẹ̀ ṣòfò. Àmọ́ ní 1962, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker rí i pé mílíọ̀nù pọ́n-ùn ti gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ National Investment and Properties Company, ilé iṣẹ́ àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Nígbà tí ọjà wá já ní 1965, owó tí bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ìgbà òjò tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú owó dè, òun náà ló dé yẹn!

Owó orí ò dúró ní tiẹ̀. Kòkó so o, kò so o, o ó san án. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń wá owó, wolé-wolé sì ń yọ àwọn ará oko lẹ́nu. Ní oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ wọ́ lọ sí Mápó, ẹ̀mí sọnù. Àgbẹ́kọ̀yà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: àgbẹ̀ kọ ìyà. Tafa Adéoyè, ará Àkánrán, di olórí tí gbogbo ayé mọ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò le: ṣílè 30 lọ́dún. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ lọ bá Tafa sọ̀rọ̀, ìjọba gbà láti sọ owó orí di pọ́n-ùn 2.

Bọ́ọ̀dù ṣì wà níbẹ̀ o. 1986 ni wọ́n tó tú u ká.

Cocoa House ńkọ́? Odù'a Investment ló ni ín, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ló sì ni Odù'a. Àwọn ni wọ́n ń gba owó ilé.