Ta Ló Ni Ẹsìnmìrìn?

Ní ọdún 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì gbé ère Mọremí, akọni obìnrin tó gba Ifẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ùgbò, kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Mọremí nìkan ló wà nínú ìtàn náà. Etí odò Ẹsìnmìrìn ló ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ kó tó jẹ́ kí àwọn ará Ùgbò mú òun lẹ́rú. Odò yìí náà ló sì gba Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó dé. Ọdọọdún ni ọdún Edì ń rán Ifẹ̀ létí. A bu ọlá fún ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, a wá sọ ẹni tó gba ẹ̀jẹ́ di ibi tí à ń da ọ̀rá àti ike omi sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé ẹ̀rù òrìṣà ló ń pa odò mọ́ láyé àtijọ́, pé nígbà tí ìgbàgbọ́ àti ìmàle dé, ẹ̀rù tán, ìdọ̀tí wọlé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òrìṣà kì í gbálẹ̀. Àwọn tó ń pọnmi ló ń ro ọ̀nà odò; àwọn ọ̀dọ́ ló ń kó igi tó wó sómi kúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; àwọn àgbà ló ń rí i pé ẹni tó ń fọṣọ kò jókòó lókè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi mímu. Ẹni tó bá rúfin, gbogbo ará odò mọ ilé baba rẹ̀. Èèwọ̀ kàn fi àṣẹ ti iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ni. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, tí onílé sì gbẹ́ kànga sínú ọgbà rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá lódò mọ́. Ibi tí a kì í dé, a kì í mọ ìgbà tó bàjẹ́.

Ẹnìkan lè ní èèyàn ò pọ̀ nígbà náà. Ní Ifẹ̀, àwáwí yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà, èyí tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó ló pàṣẹ rẹ̀, jẹ́rìí pé ìlú ńlá ni Ifẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé, àti pé àwọn ará ìlú mọ iṣẹ́ ìlú í ṣe. Mo gbà pé ọ̀rá kò sí nígbà náà. Ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ a máa jẹrà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà ní Òṣogbo. Wọ́n ti ń gé igi igbó Ọ̀ṣun, àwọn kan sì fẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, kí Susanne Wenger, ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ: Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Buraimoh Gbádàmọ́sí, Kàsálì Àkàngbé. Orúkọ ìmàle ni Buraimoh àti Kàsálì, síbẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó gba igbó òrìṣà náà là. Igbó náà di ohun àjogúnbá ìjọba ní 1965, ó sì wọ ìwé UNESCO ní 2005. Àmọ́ ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún kí wọ́n má mu omi odò Ọ̀ṣun, nítorí àwọn awakùsà góòlù lókè odò. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lè ṣọ́ igbó. Apá wọn kò ká orísun odò.

Nítorí náà, ẹni tó ní iṣẹ́ ìjọba ni kò purọ́. Ó kàn gbàgbé pé ìjọba kò lè dá a ṣe. Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí odò Ògùnpa kún tó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, ìjọba fi kọnkéré mọ ojú odò. Kọnkéré kò ní kí ẹnikẹ́ni má da ilẹ̀ sí i. Ẹsìnmìrìn pẹ̀lú kò dá dúró: ọ̀dọ̀ odò Ọpa ló ń lọ, Ọpa tí Yunifásítì Ifẹ̀ sé ní 1978 kí wọ́n lè rí omi lò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé tí Ẹsìnmìrìn gba àdúgbò yín kọjá, ẹ pín in láàárín ara yín, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa dáhùn fún ìpín kọ̀ọ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.