Àádọ́ta Ọdún Àjàní Ògún: Ìpín Ìgbómìnà nínú Sinimá Yorùbá

Ní 1976 ni fíìmù Àjàní Ògún jáde. Ní 2026 ó pé àádọ́ta ọdún. Àríyànjiyàn ò tíì tán lórí ẹni tó kọ́kọ́ gbé èdè Yorùbá sójú sinimá, àwọn tó fojú rí i sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òtítọ́ ni mo fẹ́ kọ, n kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orísun. Ìran Àjàgùnnlà, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, ọmọ Odùduwà, kì í ṣe ìran tí í jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí Ìlá Yàrá, ìlú wọn àtijọ́, tú, apá kan dó sí Ìlá, apá kan dó sí Òkè-Ìlá. Lójú ogun Kírìjì, àwa Ìgbómìnà wà nínú ẹgbẹ́ Ekìtì Parapọ̀ tó bá Ìbàdàn fà á títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án 1886. Òyìnbó ló wá pín wa: Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà bọ́ sí gúúsù, àwọn yòókù bọ́ sí àríwá, tó di Kwara lónìí. Ààlà ìjọba kò pín ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí Adéyẹmí Afọláyan, Ade Love, òṣèré inú Àjàní Ògún, fi jẹ́ ọmọ wa: Àgbàmú ni ilé bàbá rẹ̀, Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1971. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Àjàní Ògún dé, Ola Balogun ló darí rẹ̀, Dúró Ládipọ̀ náà ṣe níbẹ̀. Ọdẹ ni Àjàní, ọ̀dọ́ ni. Olóṣèlú gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ní òun ò gbà. Àwọn kan ní Ògúndé ló ṣáájú. Bàbá gbogbo wa ni Ògúndé lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n fíìmù rẹ̀, Aiyé, kò tíì sí lóde ní 1976. Lẹ́yìn Àjàní Ògún ni Ade Love ṣe fíìmù Ìjà Òmìnira, tí wọ́n fa yọ láti inú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí. Ta ló yẹ kó ṣe fíìmù lórí ìjàgbara bí kò ṣe ọmọ ẹni tó ja Kírìjì? Ní 1980, Ade Love fúnra rẹ̀ darí Kádàrá.

Sinimá ìgbà náà kì í dúró lójú kan. Mọ́tò á gba ìgboro kọjá, á máa fi gbohùngbohùn kéde. Tó bá dalẹ́, wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbọ̀ngàn, jẹnẹrétọ̀ á máa ké níta, ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ á máa pààrọ̀ róòlù. Bí iná bá kú láàárín, ariwo àwọn èwe kì í dákẹ́ àfi tó bá tàn padà.

Náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, fíìmù di ọ̀wọ́n, fídíò gbàpò. Ade Love kú ní 1996. Kunle, ọmọ rẹ̀, ya Aníkúlápó ní 2022, ó sì kọ́ abúlé sinimá sí Igbójàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kò sí ọ̀kan ní Ìlá.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ ká yà ní Ìlá kò kéré. Ní 1996 tí Ade Love kú, John Pemberton ará Amẹ́ríkà àti Fúnṣọ́ Afọláyan tẹ ìwé jáde lórí ọba Ìlá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Lámidì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére wa tí UNESCO bu ọlá fún, kú ní 2009. Lọ́dún Egúngún, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya eégún kò níye. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti pa á rẹ́. Kí àwọn aṣáájú ìlú kó àwọn ọ̀dọ́ náà jọ, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ti í ya àgbà tó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa fi í han aráàlú lójú agbo ọdún. Agboolé àwọn Fákẹ́yẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹni tó mọ ìtàn ère kọ̀ọ̀kan ṣì wà láàyè.