Q Tí Kò Ní U

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín: Scrabble ni wọ́n kọ́kọ́ fi dójú tì mí ní hóstẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti múná lọ, àbẹ́là kan ló wà lórí tábìlì, Q sì há sí mi lọ́wọ́ bí egungun ẹja ṣe ń há sí ọ̀fun. Mi ò ní U kankan. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ka sáyẹ́ǹsì tó jókòó kọjú sí mi ní, "Yoruba student, ṣé Q tiẹ̀ wà nínú A B D yín ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo dá Q padà sínú àpò, mo sì pàdánù.

Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara, torí pé òótọ́ ló sọ. Lẹ́tà 25 ni tiwa. C, Q, V, X àti Z kò sí níbẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ àti gb ló wà níbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní. Ní 1843 ni ìwé tí Samuel Ajayi Crowther fi to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde. Ní 1875 àwọn ìjọ CMS ṣèpàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ní 1974 ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò. Nínú gbogbo ìyẹn, kò sẹ́ni tó ríṣẹ́ fún Q.

Àwọn tó ṣe Scrabble ńkọ́? Ayàwòrán-ilé kan ní Amẹ́ríkà, Alfred Butts, ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929. Ó jókòó ti ìwé ìròyìn New York Times, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara hàn. Èyí tó pọ̀ di ọ̀pọ̀; èyí tó ṣọ̀wọ́n di ọ̀wọ́n. E jẹ́ ẹyọ 12, máàkì 1 péré. Q jẹ́ ẹyọ kan, máàkì 10. Ní 1948 James Brunot gbé eré náà jáde lọ́jà pẹ̀lú orúkọ Scrabble. Mo fi bírò ṣírò lóru ọjọ́ yẹn: lẹ́tà márààrún tí a kò ní yẹn jẹ́ ẹyọ 7 nínú 100, àmọ́ máàkì 42 nínú 187 ló wà lórí wọn. Àṣé ibi tí èdè mi ò dé ni wọ́n kówó pamọ́ sí!

Síbẹ̀, ẹ rántí November 2015, ní Perth lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà. Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, na Lewis Mackay ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 4 sí òdo, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife Scrabble àgbáyé. Ẹni tó bá lo lẹ́tà méjèèje ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń gba ẹ̀bùn máàkì 50, ìyẹn ló ń wọ àwọn tòkèèrè lójú. Àwọn tiwa ní rárá: bí o bá ta ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún, o lè fi lẹ́tà tó dáa pamọ́ sọ́wọ́, o ò sì ní ṣílẹ̀kùn fún alátakò. Ọ̀kan nínú èyí tí Jighere tà ni FELTY, máàkì 36.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Nigel Richards, ará New Zealand, gba ife Scrabble ti èdè Faransé, kò sì gbọ́ Faransé. Ó kàn há ọ̀rọ̀ sórí ni. Èmi akéwì ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fara mọ́ ìyẹn o.

Bó ti wù kó rí, mo yá atúmọ̀-èdè, mo ń wá Q tí kò ní U. QI kọ́kọ́ jáde, ti Ṣáínà nìyẹn. Mo yà bàrá wo àwọn ará ilé: OBA wà níbẹ̀, KOBO wà níbẹ̀. ODE, ìdajì orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde wa, ewì ni nínú Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ OBI, ọ̀já tí àwọn ará Japan fi ń di kímónò ni. IRE wá jẹ́ ìbínú! Ìyẹn ni mi ò lè dárí ẹ̀ jì wọ́n.

Mo padà sórí Q. QADI. FAQIR. NIQAB. QIBLA. TALAQ. Mo dúró. Ẹ gbọ́ ná, ṣebí mo mọ àwọn wọ̀nyí? Ọdún mẹ́rin ni mo fi lọ sílé-kéwú, pàṣán àlùfáà wa ò sì sùn. Ibi tí à ń kọjú sí kírun ni QIBLA. TALAQ ni ọkọ fi ń kọ aya. Wọ́n ti wà létí mi kí n tó mọ A for Apple. QADI gan-an, àlùkáálì tiwa náà ni: ó gba ilẹ̀ Haúsá kọjá, ó bọ́ Q sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ K wọlé. Bí Àlùkùránì náà ṣe ṣe nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì a tún ta á. Q tún bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sí U. Mo to TALAQ sórí bọ́ọ̀dù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ní irọ́ ni, kò sí ńbẹ̀. A ṣíwèé, ó wà ńbẹ̀.

Ó wò mí títí. "Ṣé Yorùbá nìyẹn ni?"

Mo ní, "Rárá o. Ilé-kéwú ni."

Máàkì 11 ló ṣì fi nà mí ṣá.