Kíka DNA Láti Mọ Kòkòrò Tó Wọ Inú Oríkèé Àtọwọ́dá

Oríkèé àtọwọ́dá ni èyí tí a fi irin àti ike líle ṣe, tí àwọn oníṣègùn fi ń rọ́pò orúnkún tàbí oríkèé ìbàdí tó ti bàjẹ́. Àwọn àgbàlagbà tí kerekere orúnkún wọn ti jẹ tán ni ó sábà máa ń nílò rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, àwọn ọ̀dọ́ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà wà lára wọn, nítorí àìsàn yìí a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ orí egungun itan, egungun náà a sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ni ó tún ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n nínú 100 ènìyàn, bí ẹnì kan tàbí méjì ni kòkòrò àìfojúrí máa ń wọ oríkèé tuntun wọn, iye yìí a sì máa pọ̀ sí i bí a bá ní láti tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe.

Irin kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ràn yìí fi le. Bí kòkòrò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a ta awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń yọ̀ bí ewédú bo ara wọn. Lábẹ́ awọ yìí, agbára káká ni oògùn apakòkòrò fi ń rí wọn pa. Àwọn tó ń gbé lórí awọ ara wa tẹ́lẹ̀, irú bíi Staphylococcus, ni ó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Oríkèé àtọwọ́dá tó ń dun ènìyàn lè ní kòkòrò nínú, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni irin náà kàn mì nídìí. Èyí tó kàn mì ni a lè tún ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ lè gbà pé kí a yọ irin kúrò, kí aláìsàn máa lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí a tó fi òmíràn sí i. Àṣìṣe níbí yìí lè ná ènìyàn ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tí a ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni gbígbin kòkòrò. Dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé, tàbí kí ó gé ẹran díẹ̀ níbi 5 tàbí 6 nígbà iṣẹ́ abẹ. Láàbù yóò fi wọ́n sínú oúnjẹ tí kòkòrò fẹ́ràn, wọn yóò sì máa wò ó bóyá nǹkan yóò hù. Àwọn mìíràn a hù láàárín ọjọ́ méjì; èyí tí a ń pè ní Cutibacterium acnes, tó fẹ́ràn oríkèé èjìká, lè gbà tó ọjọ́ 14. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohunkóhun kò ní hù, bẹ́ẹ̀ ni ọyún ń jáde lójú ọgbẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn apakòkòrò tí aláìsàn ti lò ṣáájú ni ó fà á: oògùn náà kò pa kòkòrò tán, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ tí kò lè hù ní láàbù.

Ibí ni kíka DNA ti wúlò. Gbogbo ohun abẹ̀mí ni ó ní DNA, tí a lè pè ní ìwé ìran rẹ̀. Lẹ́tà 4 péré ni a fi kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni ó ya kòkòrò kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Kò pọn dandan kí kòkòrò hù kí ẹ̀rọ tó ka DNA rẹ̀. A lè ka jíìnì kan ṣoṣo tí a ń pè ní 16S, èyí tí gbogbo bakitéríà ní. A sì lè ka gbogbo DNA tó wà nínú omi náà pátá. Kọ̀ǹpútà yóò wá yọ ti ènìyàn kúrò, nítorí òun ló máa ń pọ̀ jù, yóò sì fi ìyókù wé àkójọ àwọn kòkòrò tí a ti mọ̀.

Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, gbé àbájáde irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n ki oríkèé àtọwọ́dá tí a yọ lára aláìsàn bọ omi, wọ́n fi ìró tí etí kò lè gbọ́ gbọn kòkòrò kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ka DNA inú omi náà. Irú omi bẹ́ẹ̀ 408 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú 115 tí gbígbìn ti fi kòkòrò hàn, kíka DNA rí kòkòrò náà nínú 109. Nínú 98 tí àrùn wà ṣùgbọ́n tí nǹkan kan kò hù, ó rí kòkòrò tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló fà á nínú 43. Nínú 195 tí kò ní àrùn, 7 péré ni ó ti rí nǹkan. Lójú tiwa, 43 yẹn ni kókó ọ̀rọ̀: àwọn kan nínú wọn, tí dókítà ìbá máa fún ní oògùn nínú òkùnkùn, wá ní kòkòrò tó ní orúkọ.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà a máa ka kòkòrò tó kàn ti awọ ara tàbí èròjà láàbù bọ́ sínú omi. Kò sì tíì lè sọ dájú, bí gbígbìn ti ń ṣe, oògùn tí yóò ran kòkòrò náà. Owó rẹ̀ kò kéré. Nítorí náà, gbígbìn ṣì ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́; kíka DNA ń tì í lẹ́yìn ni.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, ni a ti ka DNA àti irú rẹ̀ láti fi tọpa àwọn àrùn bíi Lásà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kópa nínú kíka ìran kòrónà ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020. Iṣẹ́ àjàkálẹ̀ àrùn nìyẹn, ó yàtọ̀ sí ti oríkèé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oríkèé àtọwọ́dá, bí ibẹ̀ bá wú, tó gbóná, tó ń dùn sí i, tàbí tí ojú ọgbẹ́ ń sun omi, ẹ padà sí ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ má ṣe ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì kí a tó fa omi inú rẹ̀, àfi bí dókítà bá sọ pé àìsàn náà kò gbọdọ̀ dúró. Bí ẹ bá sì ti lò ó, ẹ mú páálí rẹ̀ lọ́wọ́ lọ fún dókítà, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ lò ó kẹ́yìn.